Bí Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Ìbẹ́pẹ Ṣe Di Ohun Ìfọyín

Láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí owó ẹyọ ṣì jẹ́ owó tí tẹrú-tọmọ ń ná, kò sí bí akéwì ṣe lè yin arẹwà dé ibi tí yóò dùn mọ́ ọn kí ó má kan eyín rẹ̀: adúmáradán, eléyinjú ẹgẹ́, ẹni tí ó rẹ́rìn-ín tí ilé mọ́lẹ̀ kedere, àní àwọn mìíràn wà tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Eyínfúnjowó títí di òní olónìí. Níbi tí a bá ti ń gbé eyín funfun gẹ̀gẹ̀ báyìí, ẹni tí eyín rẹ̀ bá ti pọ́n, ìbáà jẹ́ obì ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ sìgá tàbí tíì àràárọ̀, kò ní í lè rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́ kí ó má fọwọ́ bo ẹnu, kò sì ní í sinmi àtiwá oògùn.

Ní Pleasure, lójú títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí awakọ̀ ti ń jẹ obì kí oorun má baà gbé e lọ, oògùn náà kò jìnnà, nítorí àtẹ ọsàn àti ìbẹ́pẹ ń bẹ létí ọ̀nà, ọjà Òkè-Odò sì wà nítòsí. Ohun tí ẹnìkan ń sọ fún ẹnìkejì ni pé kí ó la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, kí ó bu iyọ̀ tàbí sódà àwọn oníbúrẹ́dì sí i, kí ó sì máa fi ra eyín títí yóò fi mọ́. Àwọn kan á ní èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó dára jù, àwọn kan á ní inú èèpo ọsàn ni. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún púpọ̀, nítorí eyín àgbàlagbà tí ó bá lọ, ó lọ ráúráú ni. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò lè mọ ibi tí ó dá sí. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá.

Kí ọsàn tó dé ìdí eyín wa, orín ni a ń rún. Orín atá ń bẹ, tí í ta ẹnu títí ahọ́n yóò fi kú tipiri; ayín ń bẹ, tí ó korò; pákò Ìjẹ̀bú ń bẹ, igi orógbó sì ń bẹ. Àgbà yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò fi eyín fọ́ orí orín náà títí yóò fi ya wẹ́wẹ́, yóò máa fi ra eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, yóò máa tutọ́, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gidi títí yóò fi yọ ọ́ lẹ́nu. Kì í ṣe ìra nìkan ni orín fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde pé omi inú àwọn orín wa ń dá kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́ kọ́. Lọ́dún kan náà ni Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Isaacs, kọ̀wé pé omi gbòǹgbò orín atá ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó ti tẹ̀ wọ́kọ, padà sí bí ó ti yẹ nínú ìgò àyẹ̀wò. Ohun tí a rò pé kò ju igi lásán lọ ni ó gbé irú ìyẹn sínú!

Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ìhà Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ìbẹ́pẹ ní tirẹ̀ ti ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà wá, lẹ́yìn tí Columbus ti la ọ̀nà òkun náà ní 1492. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa gba àlejò méjèèjì tọwọ́-tẹsẹ̀. Wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbín títí ikun rẹ̀ fi tán, wọ́n fi pa òórùn ẹja, wọ́n fún un sínú àgbo, wọ́n fi pa abíyá. Ẹni tí ó ti rí i bí ó ti ń bó ikun lára ìgbín, kí ni yóò dá a dúró kí ó má fi bó obì lára eyín? Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan: àwọn onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n tún ń ṣe ìtọ́jú eyín láyé àtijọ́, a máa fi fáìlì irin yún eyín oníbàárà, wọn a sì fi omi kíkan tí ó lè jẹ irin pa á, eyín náà a funfun báláú, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi jẹrà.

Àṣírí rẹ̀ nìyí. Eyín ní awọ òkè kan tí ó le ju eegun lọ, tí ó sì funfun; abẹ́ rẹ̀ ni ara eyín gan-an wà, pupa rúsúrúsú sì ni àwọ̀ tirẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n kíkan, omi lásán wà ní 7, bí nǹkan bá sì ṣe ń kan sí i ni iye náà ń lọ sílẹ̀. Bí ẹnu bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bí 5.5, awọ eyín a bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà ní nǹkan bí 2. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó fún un sínú ife, kí ó rọra gbé ẹyin adìẹ tútù sí i, kí ó sì wò ó: kò ní í pẹ́ tí èéhó kéékèèké yóò fi bo èèpo ẹyin náà, bí ilẹ̀ bá sì fi mọ́, èèpo tí ó le lánàá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Eyín le ju èèpo ẹyin lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù ni ó gbé méjèèjì ró, kíkan ni ó sì ń tú u. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín lójoojúmọ́ ń bó èyí tí ó funfun kúrò kí ó lè kan èyí tí ó pọ́n. Ní 2014, So Ran Kwon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà yẹ èso strawberry tí a pò mọ́ sódà wò lára eyín tí a ti yọ; oògùn àwọn dókítà sọ eyín di funfun, àpòpọ̀ èso náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ yàtọ̀. Ta ni kò mọ̀ nínú àwọn ìyá wa pé bí ẹran bá yi, ìbẹ́pẹ tútù díẹ̀ tàbí ewé rẹ̀ nínú ìkòkò ni yóò mú un rọ̀? Oje funfun tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni Wurtz àti Bouchut ní ilẹ̀ Faransé sọ ní papain ní 1879. Ohun tí ó ń jẹ lára ẹran náà ni ó ń jẹ lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí itọ́ fi ń bo eyín, èyí tí àbàwọ́n obì àti tíì ń lẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọṣẹ ìfọyín Rembrandt ní Amẹ́ríkà fi gba papain sínú, tí àwọn oníṣègùn eyín Brazil sì fi ṣe Papacárie ní 2003, èyí tí ń mú ibi tí ó ti jẹrà lára eyín rọ̀ kí a lè ha á kúrò. Ṣùgbọ́n papain tí a yọ, tí a sì wọ̀n, ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ó bá ń fi ìbẹ́pẹ pípọ́n ra eyín, ṣúgà ni ó ń fi pa á.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Eyín kan pọ́n láti òde, òmíràn pọ́n láti inú, bíi ti ẹni tí ó lo kápúsù tẹtirasáíkìlìn kí ó tó pé ọdún 8, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nínú oyún; kò sí èso tí ó lè dé ibẹ̀. Oògùn tí ń jẹ́ peroxide ni àwọn dókítà fi ń wọnú eyín bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí àwọn oníṣègùn eyín Haywood àti Heymann ti kọ̀wé ní 1989 nípa ike tí a ń bu oògùn náà sí, tí a ń fi bo eyín sùn mọ́jú.

Ẹ̀yin ará Pleasure, Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, ẹ máa jẹ ọsàn yín, ẹ máa jẹ ìbẹ́pẹ, kí ẹ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín kan eyín, kí itọ́ lè ráyè tún un ṣe. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá pọ́n jù, kí ó lọ rí dókítà eyín: ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, LUTH, sì wà ní Ìdí-Àràbà. Ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbín àti ẹja.