Ọmọ Tí Ẹ Ń Pè Ní Ọ̀lẹ Lè Máa Ṣàìsàn

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ ní Òkè-Ògùn, àìsàn kan tí kì í hàn lára bí oówo ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Ó ń ṣe àgbà, ó sì ń ṣe ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tí ó wà láàrin ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì sì wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù.

Ohun tí ó ń tàn wá jẹ ni pé ọmọ tí ó ń ṣe kì í sábà wí pé inú òun bàjẹ́. Yóò ní orí ń gbóná òun, tàbí nǹkan ń rìn nínú orí òun, tàbí ìwé tí òun ń kà kò yé òun mọ́. Dókítà Raymond Prince, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ rí ní ọsibítù Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí irú èyí ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo orí gbígbóná ni ìrẹ̀wẹ̀sì, nítorí ibà lè fà á. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ibà títí tí orí kò tutù, ó yẹ kí a wo ọkàn ọmọ náà.

Ẹ kíyè sí àwọn àmì wọ̀nyí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn tí ó ń fi ìdùnnú hun aṣọ òfì wá jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán láìhun nǹkan kan. Ọmọ Ṣakí tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò dá ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn mọ́. Oúnjẹ kò wù ú, kò rí oorun sùn, tàbí kí ó máa sùn ṣáá. Ọ̀rọ̀ kékeré ń bí i nínú. Ó ní òun kò wúlò. Bí èyí bá wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì fi pàṣán nà án. Pàṣán kì í lé àìsàn.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí kò bá lè bá bàbá sọ̀rọ̀, ó lè sọ ọ́ fún ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́. Ẹ má ṣe fi í wé ọmọ aládùúgbò.

Èkejì, ẹ bi í bóyá ó ń rò ó pé kí òun kú. Ìbéèrè yìí máa ń ba òbí lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa: ẹ ti oògùn apakòkò àti oògùn tí a fi ń pa koríko mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú un lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ṣakí tàbí ní Ìṣẹ́yìn. Wọn yóò wò ó bóyá ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí UCH ní Ìbàdàn tàbí sí Aro. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò pe ọmọ yín ní wèrè. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní ọdún 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa bá àwọn ẹbí wọn gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ará ilé wà lára oògùn.

Bí dókítà bá fún ọmọ ní oògùn, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ṣe dá a dúró láìsọ fún dókítà, bí ara ọmọ tilẹ̀ yá.

Èmi kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè é mọ́lẹ̀ tàbí kí ó fi ebi pa á. Àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ tètè wò ó.