Ibi tí wáyà ti pàdé ni iná ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kú

Tẹ́ ẹ bá dúró létí títì ní Ṣábẹ lálẹ́, ẹ óò rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Kútọnu lọ sí Parakú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti lẹ iná LED pẹlẹbẹ, èyí tó gùn bí ìgbànú, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí alálùpùpù tó ń bọ̀ á mọ ibi tí ọkọ̀ parí sí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: apá kan ń tàn, apá kan ti kú. Iná fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń bàjẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á lọ́ wáyà méjì pọ̀, wọ́n á wé rọ́bà dúdú alẹ̀mọ́ tí a ń pè ní sikọ́ọ̀sì mọ́ ọn, ó tán. Oòrùn á mú kí àtè rẹ̀ rọ̀, eruku ọyẹ́ á wọlé, òjò á tẹ̀ lé e, bàbà á sì pẹtà. Àwọn mìíràn ń yọ́ òjé sí i. Òjé dára nínú rédíò tó jókòó sójú kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ibi tí òjé dé á le gan-an, ibi tí líle àti rírọ̀ ti pàdé gan-an ni wáyà á sì ti já.

Èyí tó ń pẹ́ nìyí. Ẹ ra ọ̀pá bàbà kékeré tí àwọn tó ń ta ohun èlò iná ń pè ní manchon. Kẹ́ ẹ tó so nǹkan kan rárá, ẹ ti kọ́kọ́ ki rọ́bà tó ń sún kì nínú ooru sára wáyà, torí tẹ́ ẹ bá so ó tán, kò síbi tó máa gbà wọlé mọ́. Ẹ ra èyí tó ní àtè nínú. Ẹ bó wáyà, ẹ kì í bọ ọ̀pá náà lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú tí wọ́n ṣe fún un tẹ̀ ẹ́ pinpin. Eyín kọ́ o, òòlù kọ́. Ẹ fà á wò. Tó bá yọ, ẹ gé e, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ fa rọ́bà bò ó, ẹ fi ooru kàn án títí àtè á fi yọ jáde létí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì so wáyà mọ́ ara ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti òsì ibẹ̀ kó má lè mì.

Ẹ ṣọ́ra o: ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sábà ń lo fólítì 24. Iná fólítì 12 á jó lórí rẹ̀. Mítà 5 iná tí wọ́n kọ watt 14.4 sí fún mítà kan ń jẹ watt 72. Lórí fólítì 24, ampère 3 ni. Fúsíbù ampère 5 ti tó. Ẹni tó bá fi 20 sí i kó má baà já ti sọ wáyà fúnra rẹ̀ di fúsíbù, bẹ́ẹ̀ òwú ló lè wà lórí ọkọ̀ náà. Ìdí bátìrì ni fúsíbù ń gbé, kì í ṣe ìdí iná. Níbi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, ẹ fi òrùka rọ́bà sí i.

Tẹ́ ẹ bá ti rin ìrìn àkọ́kọ́ dé, ẹ tan iná náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ojú ìso kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ tú u lọ́jọ́ náà.