Ẹ ha ògiri kí ẹ tó kùn ún

Nígbà tí òjò bá dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Agoua, àti káàkiri Bantè àti Savalou, a máa ronú bí wọn yóò ti tún ilé ṣe. A ti ta iṣu, a sì ń retí owó kajú. Àlejò ń bọ̀ wá ṣe ọdún, tàbí ọmọ ilé fẹ́ gbé ìyàwó. Bàbá ilé á ra agolo ọ̀dà kan àti búrọ́ọ̀ṣì, á sì kun yàrá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Yàrá á mọ́, á dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ọ̀dà tuntun náà á ti máa bó bí èèpo ẹ̀gẹ́. Owó ti lọ, ògiri sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ayédèrú ni ọ̀dà náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà ni ó jẹ̀bi. Ọ̀dà kò lè di ògiri mú bí kò bá kan ògiri. Bí a bá kùn ún lé eruku, lé èéfín, lé ẹfun àtijọ́, tàbí lé ọ̀dà tí ó ti fẹ́ bó, ohun tí kò dúró ni ó dì mọ́. Nígbà tí ìyẹn bá ṣí, àwọn méjèèjì á jọ bọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ kọ́kọ́ wo ògiri náà

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara ògiri. Bí ẹfun bá mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti di eruku. Ẹ gbọ́dọ̀ mú un kúrò. Ẹ fi ìka kan ògiri níbi púpọ̀. Ibi tí ó bá dún bí igbá òfìfo, ohun tí a fi rẹ́ ẹ ti ya kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Bí ó bá tutù, tí ó sì ní àmì funfun bí iyọ̀, omi ń gòkè wá láti inú ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí omi òjò yóò máa gbà ṣàn jìnnà sí ìdí ilé. Bí a kò bá dá omi dúró, iṣẹ́ yòókù já sí asán.

Ó yẹ kí a mọ irú ògiri tí a ní. Ògiri amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tú u sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ, tàbí tí a fi ọ̀dà tí a fi epo pò kùn ún, omi tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ á rọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì láìjẹ́ pé ojú wa rí i. Sìmẹ́ǹtì á sán, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, ògiri náà sì lè wó. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà

Ẹ kó ẹrù jáde kúrò nínú yàrá, kí ẹ sì tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Bí kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn tàbí àwòrán àwọn olóṣèlú bá wà lára ògiri, ẹ má fà wọ́n ya. Ẹ fi kànìnkànìn àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin wọ́n, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ yọ wọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ nu ògì tí a fi lẹ̀ wọ́n kúrò pẹ̀lú, nítorí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń hu.

Bákan náà ni a ó ṣe ẹfun àti ọ̀dà tí ó ti bó. Ẹ rin ibi kékeré, ẹ ha á, kí ẹ tó kọjá sí ibi kejì. Lórí ògiri amọ̀, ẹ má da omi lé e. Kànìnkànìn tí a ti fún ti tó. Ẹ má fi òòlù lu ògiri amọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dí ibi tí ó sán. Ohun tí a fi mọ ògiri ni kí a fi dí i: amọ̀ tí a sẹ́, iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ fún ògiri amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn fún ògiri sìmẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún. Ẹfun tàbí amọ̀ oníyanrìn ni ó dára jù fún ògiri amọ̀, nítorí wọ́n jẹ́ kí ó mí.

A kò ní láti wá ọgbọ́n yìí lọ sí òkèèrè. Àwọn Batammariba, tí wọ́n ń gbé ní Atacora àti ní àríwá Togo, a máa fi omi èèpo èso igi igbá, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, pa ara ògiri amọ̀ wọn kí òjò má bàa fọ̀ ọ́. Àjọ UNESCO ka ilẹ̀ wọn, Koutammakou, mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2004 ní apá Togo. Ní ọdún 2023, apá ti Benin wọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

Eruku tí ó ń pa ọpọlọ ọmọdé lára

Ìdí kan wà tí a fi ń rin ògiri kí a tó ha á, ó sì ṣe pàtàkì ju ẹwà yàrá lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ tí a fi epo pò ní òjé nínú. Bí a bá ha á ní gbígbẹ, eruku òjé á bo ilẹ̀, ẹní àti àwo. Ọmọdé tí ń rá á fi ọwọ́ kàn án, á sì fi ọwọ́ náà sí ẹnu. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ọmọ náà kò ní lè kẹ́kọ̀ọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe aboyún àti oyún inú rẹ̀ ní ibi. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọmọdé tí iye wọn kò dín ní 400.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1921, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn láti dín lílo ọ̀dà funfun olójé kù nínú ilé. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé fún ilé gbígbé ní ọdún 1978. Ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti máa ń lẹ bébà aláwòrán mọ́ ògiri, májèlé mìíràn ni wọ́n bá pàdé. Ní ọdún 1775, Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kan ní Swídìn, ṣe àwọ̀ ewé kan tí ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n asẹ́níìkì ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀ náà ṣe bébà ògiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń ṣe àwọn tí ń sùn nínú yàrá wọ̀nyẹn ní àìsàn.

Ojú lásán kò lè mọ ọ̀dà tí ó ní òjé. Nítorí náà, ẹ fura sí gbogbo ọ̀dà àtijọ́. Kí àwọn ọmọdé àti aboyún má ṣe wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ẹ má fi iná jó ọ̀dà náà. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a. Ẹ di ìhàrí náà sínú àpò, kí ẹ má dà á sí àgbàlá tí adìyẹ ti ń jẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ yín lọ́tọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni a ń ha dànù

Ní ààfin Abomey, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ilé ọba Glele kọ́ ní ọdún 1988, wọ́n yọ àwọn àwòrán amọ̀ tí ó wà lára ògiri rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú wọn. Láti ọdún 1993, ìjọba Benin àti Getty Conservation Institute ti Amẹ́ríkà jọ tún wọn ṣe. Ìtàn ìjọba Dahomey ni àwọn àwòrán náà ń sọ. Bí ẹ bá rí àwòrán tí àwọn baba ńlá yín ṣe sí ara ògiri, ẹ pe àwọn àgbà ìdílé kí ẹ tó fi irin kàn án.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ọjọ́ bí mélòó kan ni ó ń gbà. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ ná an lórí ọ̀dà tí kò léwu. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ yí agolo náà wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá ibi tí a kọ «sans plomb» sí, ìyẹn ni pé kò ní òjé. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bi ẹni tí ń tà á. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn.