Nígbà tí lẹ́tà di ìró ẹsẹ̀

Ọkùnrin kan ta jí ní etí òkun. Ọgbẹ́ ìbọn wà ní orí rẹ̀, kò rántí ibi tí ó ti ń bọ̀, kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n rí lára rẹ̀: nọ́ńbà 13, tí wọ́n fín sí ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ ní ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń gbà kọ ọ́, XIII. Kò pẹ́ tí àwọn apànìyàn fi dé láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní láti sá, ó ní láti jà, ó sì ní láti wádìí bóyá òun ni ó pa ààrẹ Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti ń sọ.

Bí ìtàn àròsọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ XIII ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jean Van Hamme ni ó kọ ọ́, William Vance ni ó sì ya àwọn àwòrán rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni àwọn méjèèjì. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1984. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní bande dessinée. Àwòrán ni ó ń sọ ìtàn níbẹ̀. Wọ́n máa ń pín ojú ìwé sí àpótí kéékèèké, ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn ènìyàn jáde sì máa ń wà nínú nǹkan róbótó funfun lókè orí wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, Ubisoft, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, sọ ìtàn náà di eré orí ẹ̀rọ. Eré ìyìnbọn ni, ṣùgbọ́n ó ní irú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á. Ẹni tí ó ń ṣeré kò ní rí akọni inú ìtàn náà lókèèrè bí ẹni ń wo sinimá. Ojú akọni ni ojú tirẹ̀. Ohun tí akọni bá rí ni òun náà ń rí. Ọwọ́ àti ìbọn akọni nìkan ni ó máa ń yọ ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Bí ọ̀tá bá wà lẹ́yìn, kò ní rí i àfi bí ó bá yíjú padà.

Láti ìgbà tí eré Doom ti sọ irú eré yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní ọdún 1993, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é ń lé. Wọ́n fẹ́ kí òkúta jọ òkúta, kí omi jọ omi, kí awọ ènìyàn jọ awọ ènìyàn, bí ẹni pé fọ́tò ni wọ́n yà. Àwọn tí ó ṣe XIII kò tọ ọ̀nà yẹn. Wọ́n rò ó pé bí ìwé ni ìtàn náà ti wá, ó yẹ kí ìwé náà ṣì hàn nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ya àwòrán bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó yà á? Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì: àwọ̀ àti ìlà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìkòkò amọ̀ tí ó wà nínú oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ràn sí mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ibi ìmọ́lẹ̀ dé ibi òkùnkùn. Ayàwòrán inú ìwé kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò lò: ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan fún òjìji, ààlà àárín wọn yóò sì hàn gedegbe. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni ìlà dúdú tí ó yí ara ènìyàn tàbí nǹkan ká. Ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà ṣe é ni pé kọ̀ǹpútà yóò mọ ènìyàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì yóò dúdú, yóò sì fi díẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi èkejì yìí sí, nítorí náà etí rẹ̀ nìkan ni ó ń yọ, bí tìróò tí ó yí ẹyinjú ká.

Àmọ́ ohun tí ó mú XIII yàtọ̀ jù lọ ni lẹ́tà. Bí ọ̀tá bá ń rìn lẹ́yìn ògiri, tí ojú kò lè rí i, lẹ́tà á máa yọ lórí ògiri náà: TAP, TAP, TAP. Ibi tí lẹ́tà wà ni ẹsẹ̀ wà. Bí lẹ́tà bá lọ sí apá òsì, ọ̀tá náà ti lọ sí apá òsì nìyẹn. Bí ohun kan bá bú gbàmù, ariwo rẹ̀ á kọ ara rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Nígbà mìíràn, bí akọni bá ta ọ̀tá lọ́fà ní orí, àpótí mẹ́ta kéékèèké á yọ lókè, gẹ́gẹ́ bíi ti ojú ìwé, láti fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Níhìn-ín ni ó ti hàn pé àwòrán yìí kì í ṣe aṣọ tí wọ́n kàn wọ̀ fún eré náà kí ó lè lẹ́wà. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Fọ́tò kò lè fi ìró ẹsẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ìwé alawòrán ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹni tí ó ń ṣeré ní láti ka ohun tí ó wà lórí ògiri kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa náà lè fi ojú gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá.

Síbẹ̀, ọjà kò gba eré náà bí àwọn tí ó ṣe é ti retí. Wọ́n ti parí rẹ̀ sí ibi tí ìtàn kò tíì yanjú, pẹ̀lú ìlérí pé yóò tẹ̀ síwájú. Apá tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e kò jáde.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ mìíràn dé oríta kan náà. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni Gearbox wà. Ní ọdún 2007, wọ́n kéde eré kan tí wọ́n ń pè ní Borderlands. Aṣálẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n bí erùpẹ̀. Ó jọ fọ́tò, ṣùgbọ́n ó tún jọ ọ̀pọ̀ eré tí ó wà lọ́jà nígbà náà. Díẹ̀ nínú àwọn ayàwòrán wọn jókòó ní kọ̀rọ̀, wọ́n tún un yà pẹ̀lú ìlà dúdú àti àwọ̀ tí ó tàn yòò, kí wọ́n tó fi han àwọn ọ̀gá.

Ìpinnu tí ó le ni. Iṣẹ́ ti jìnnà, owó ti wọlé, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti ṣe ni wọn yóò sì dà nù. Àwọn ọ̀gá gbà á, wọ́n sì tún un ṣe. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Nígbà tí eré náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ó tà ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Òmíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 2012, ní 2019, àti ní 2025.

Nínú Borderlands, ọ̀pọ̀ ìlà náà kì í ṣe etí nǹkan nìkan ni wọ́n wà. Àwọn ayàwòrán fa ìlà sára òkúta, sára irin tí ó dípẹtà, sára ojú ènìyàn, bí ẹni tí ó fi kálámù sàmì sí i. Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ìbọn kan bá wà nílẹ̀, funfun fi hàn pé ó wọ́pọ̀. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ ọsàn tẹ̀ lé e, bí ó bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ẹni tí ó ń sáré já ọ̀tá gbà kò nílò láti dúró ka ohunkóhun kí ó tó mọ èyí tí yóò mú.

Ní ọdún 2020, wọ́n tún XIII ṣe. Ìtàn kan náà ni, akọni kan náà ni, ṣùgbọ́n àwòrán náà ti yí padà. Ara àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń dán bí ike, ìlà ayàwòrán kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Àṣìṣe pọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ó rà á fi ìbínú hàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó gbé e jáde fi tọrọ àforíjì ní gbangba. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọwọ́ mìíràn, àtúnṣe sì dé ní ọdún 2022, èyí tí ó mú àwòrán náà padà sún mọ́ ìwé.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí òbí fi sọ́kàn. Àwòrán kò sọ eré wọ̀nyí di ti ọmọdé. Ìbọn àti ikú ni ó kún inú wọn, àmì 18 sì ni wọ́n fi sára Borderlands ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó túmọ̀ sí pé àgbàlagbà nìkan ni ó tọ́ sí.

William Vance kú ní ọdún 2018. Ọwọ́ ni ó fi ṣiṣẹ́, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀rọ lè ṣe ẹ̀dà ìlà bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún 2020 fi hàn ni pé kò tó kí ìlà wà; ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó ń sọ. Nínú eré àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí ó bá rí TAP, TAP, TAP lára ògiri mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Ẹni tí kò bá kà á, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.