Àwọn Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè Sí Eré Kérésìmesì

Bí oṣù Disẹ́ḿbà bá ti wọlé, àríyànjiyàn kan kì í wọ́n láàárín àwa olùkọ́ ọmọdé: ta ni yóò ṣe Màríà? Ìyá kan á ní ọmọ òun ló ṣe é lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Bàbá kan á rán wa létí pé òun ló ra aṣọ àwọn áńgẹ́lì. A ti bá a débi pé ipò òbí ni a fi ń pín eré fún ọmọ. Àfi ìgbà tí àwa àti àwọn ọmọ wa jókòó wo sinimá kan ní Mowo níbí, tí ojú sì tì wá.

The Best Christmas Pageant Ever ni orúkọ sinimá náà, ìyẹn eré Kérésìmesì tó dára jù lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló jáde. Dallas Jenkins, ẹni tó ṣe The Chosen lórí ìgbésí ayé Jésù, ló darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti wà tipẹ́. Inú ìwé ọmọdé tí Barbara Robinson, obìnrin ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1972 ni wọ́n ti mú un. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n ní 1983, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé lọ́hùn-ún sì ń fi ṣe eré orí ìtàgé.

ÀWỌN ỌMỌ HERDMAN

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n: Ralph, Imogene, Leroy, Claude, Ollie àti Gladys. Bàbá wọn ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ, iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ìyá wọn gbélé. Wọ́n ń jalè, wọ́n ń purọ́, wọ́n ń lu ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìlú ń sá fún wọn.

Kí ló wá gbé irú wọn dé ilé Ọlọ́run? Oúnjẹ ni! Ọmọkùnrin kan tí wọ́n máa ń fi ipá gba ìpápánu rẹ̀ ní ilé ìwé ló sọ fún wọn pé òun ń rí èyí tó wu òun jẹ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dé.

Ẹsẹ̀ obìnrin tó máa ń darí eré ìbí Jésù lọ́dọọdún ṣẹ́, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí ọwọ́ ìyá ọmọ kan, Grace Bradley. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ Herdman ti gba gbogbo ipò tó ṣe kókó nínú eré náà. Imogene di Màríà, Ralph di Jósẹ́fù, mẹ́ta di amòye, Gladys tó kéré jù di áńgẹ́lì Olúwa. Inú bí àwọn ará ìjọ. Wọ́n ní eré ti bàjẹ́.

WỌN KÒ GBỌ́ Ọ RÍ

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí Grace ka ìtàn ìbí Jésù fún wọn, wọn kò jẹ́ kí ó sinmi. Èéṣe tí ẹnikẹ́ni yóò fi lé obìnrin tó ń rọbí sí ibùjẹ ẹran? Ta ni Hẹ́rọ́dù yìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò lù ú? Wọ́n bínú bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti ń gbọ́ ọ lọ́dọọdún jókòó, wọ́n ń yán.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, àwọn amòye mẹ́ta kò gbé tùràrí wá. Odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n gbé wá, èyí tí ìjọ fi ta ìdílé wọn lọ́rẹ fún ọdún. Ohun tó dára jù nínú ilé wọn nìyẹn, wọ́n sì kọ̀ láti gbà á padà. Imogene tó le bí ẹkùn gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń sunkún. Àwọn tó wá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà wá rí Màríà àti Jósẹ́fù bí wọ́n ti rí gan-an: tálákà méjì tó ṣìnà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà sílé.

Ọ̀DỌ̀ TIWA ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ará, a kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Lábẹ́ igi Agia níbẹ̀ ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní ọdún 1842, àwọn ará ìlú náà a sì máa fi yangàn pé Kérésìmesì ọdún náà ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Igi náà wó ní 1959, ọ̀wọ̀n ìrántí ló kù. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò gbọ́ ìtàn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù rí. Bí ọmọ Herdman ni wọ́n rí. Ká ní ẹni tó mọ̀ ọ́n sórí nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, àwa ìbá gbọ́ ọ bí?

Lọ́dún kan, a ń dá eré wa wò, àwọn ọmọ tó ń kiri àgbọn lẹ́bàá títì dúró sí ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan sọ igbá kalẹ̀, ó bi ọ̀kan nínú wa pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n padà ríbi sùn?” A ní kí ó wá lọ́jọ́ eré, yóò rí i. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò wọ aṣọ ọdún, ó lé e padà. A rí i, a kò sọ̀rọ̀. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ pé kò sí àyè nílé èrò, àwa náà la ti ilẹ̀kùn.

Ìyá kan lè sọ pé wọn yóò kọ́ ọmọ òun ní ìwàkiwà. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Grace kò díbọ́n pé àwọn ọmọ náà kò jalè. Ó ṣọ́ wọn, ó bá wọn wí, ṣùgbọ́n kò lé wọn. Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, kèké ni a ó fi pín eré. Ọmọ tó dúró sí ojú fèrèsé yóò wọlé kí kèké kan òun náà. Aṣọ kò ní jẹ́ ìdíwọ́, a ó yá wọn. Bí ẹ bá rí sinimá yìí, ẹ wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ta ni ọmọ Herdman ní àdúgbò wa? Lẹ́yìn náà, ẹ ka Lúùkù orí kejì sókè bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí Ó rán sí wa. Àmín.