Orin Tí Ó Sọ Ohun Tí Ìwé Ìròyìn Kò Lè Sọ

A kì í pa ohùn mọ́ agogo lẹ́nu. Òwe yìí bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Fínlándì ní ọdún 1899 mu. Láti ọdún 1809 ni ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1899, ọba Rọ́ṣíà, Nicholas Kejì, pa àṣẹ kan tí ó gba púpọ̀ nínú agbára náà lọ́wọ́ wọn. Ìjọba sì ti àwọn ìwé ìròyìn kan pa.

Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣe àjọ̀dún fún àwọn akọ̀ròyìn ní ìlú Helsinki. Lójú ayé, owó ìfẹ̀yìntì wọn ni a ń dá jọ. Ní òótọ́, ẹ̀hónú ni. Wọ́n fi ìtàn Fínlándì hàn ní ìran-ìran nínú ilé tíátà, Jean Sibelius, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, sì ni ó kọ orin tí ó bá a lọ. Orin ìran ìkẹyìn ni ó tún ṣe ní ọdún 1900, òun ni a mọ̀ sí Finlandia.

Ẹ wá a gbọ́. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Àwọn fèrè idẹ ni yóò kọ́kọ́ bú ramúramù, bí ẹni tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀. Àwọn fèrè onígi yóò dáhùn jẹ́jẹ́, bí àdúrà. Lẹ́yìn náà ni orin yóò yára, tí ìlù yóò máa dún kíkankíkan. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ohùn tútù kan yóò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orin ìbílẹ̀ ni ohùn yìí, ṣùgbọ́n Sibelius fúnra rẹ̀ ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè ti mọ̀ ọ́n: òun ni a fi ń kọ “Be Still, My Soul”.

Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú nígbà náà. Kí ni aṣojú ọba yóò wá fi pẹ́ńsù pa rẹ́? Síbẹ̀, ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ bà wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni a máa ń pè é nígbà mìíràn kí a tó lè lù ú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1917, Fínlándì kéde òmìnira.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1967, nígbà tí Biafra yapa kúrò lára Nàìjíríà, ohùn Finlandia ni wọ́n fi ṣe orin orílẹ̀-èdè wọn. Ogun parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Biafra sì di ìtàn.

Nítorí náà, ohùn kan ṣoṣo yìí jẹ́ ayọ̀ fún ará Helsinki, ó jẹ́ ìtùnú fún olùjọsìn, ó sì lè jẹ́ ọgbẹ́ fún ẹni tí ó la ogun kọjá. Orin kò lè gba òmìnira fúnni. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Bí dùùrù bá tún gbé e ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ wo ojú àgbà tí ó jókòó tì yín, kí ẹ sì bi í ní ohun tí ó gbọ́.