Ẹ Du Iṣẹ́ Ìjọba, Ẹ Kò Rí I Gbà: Kí Ló Kàn?

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ́ ti owó, ó sì tún jẹ́ ti ọjọ́.

Àbúrò kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló dá kọ́ńpìnnì kékeré sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà. Wọ́n du iṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpòòwé, iye owó tiwọn ló kéré jù. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé: ẹ ṣeun, ẹ kò yege. Owó tí wọ́n yá láti fi gba oríṣiríṣi ìwé ẹ̀rí ṣì wà lọ́rùn wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká kàn fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run ni?"

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, lẹ́tà yẹn ti pé ọjọ́ mélòó lọ́wọ́ yín? Ó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án. Mo ní ká yáa tètè sọ̀rọ̀.

Òfin ọdún 2007 tí wọ́n ń pè ní Public Procurement Act ló ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń rajà àti bó ṣe ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Òun náà ló dá àjọ BPP sílẹ̀. Abala 54 rẹ̀ gba ẹni tó du iṣẹ́ láyè láti fẹjọ́ sùn bí wọn kò bá tẹ̀ lé òfin tàbí ohun tó wà nínú ìwé ìdíje. Àmọ́ ọjọ́ iṣẹ́ 15 ló fún yín, láti ọjọ́ tí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n, èyí tó bá ṣáájú. Ẹ fọkàn sí apá kejì yẹn o. Lẹ́tà lè wà nínú íméèlì tí ẹ kò ṣí, kí ọjọ́ sì ti máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, àfi bí ìsinmi ìjọba bá bọ́ sáàárín.

Wàyí o, kí ni ẹ fẹ́ sọ? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. "Tiwa ló kéré jù" nìkan kì í ṣe ẹjọ́. Ìwé tí òfin ń wá ni èyí tó bá gbogbo ohun tí wọ́n béèrè mu, tí owó rẹ̀ sì kéré jù láàárín irú wọn. Bí ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì yín láti PENCOM bá ti kú kí wọ́n tó ṣí àpòòwé, ẹ̀dínwó yín kò ràn yín lọ́wọ́. Bákan náà ni ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ti ITF àti ti NSITF. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì kékeré, wọn kò tilẹ̀ ní wo iye owó wọn.

Ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni kí ohun tí wọ́n kọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe. Abala 32 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n mìíràn ṣàyẹ̀wò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ìdíje. Ẹ jẹ́ ká ní ìwé ìdíje béèrè pé kí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kó ẹ̀rí mẹ́ta sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní wọ́n yọ yín torí pé ẹ kò ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún wo? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹjọ́ nìyẹn. Tàbí kí wọ́n yọ yín nítorí ìwé kan, kí ẹni tó borí náà má sì ní ìwé kan náà. Ẹjọ́ tó le ni èyí pẹ̀lú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ béèrè. Abala 19 sọ ọ́ di iṣẹ́ wọn láti ṣàlàyé fún ẹni tó pàdánù bó bá béèrè. Àwọn ọ́fíìsì kan á ṣe bí ẹni pé àánú ni wọ́n ń ṣe yín. Kì í ṣe àánú. Abala 38 tún jẹ́ kí ẹ lè béèrè àkọsílẹ̀ ìdíje náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan ẹni tó borí, àmọ́ ẹ má retí pé wọ́n á kó gbogbo ìwé onítọ̀hún fún yín. Ti àyẹ̀wò náà, ní ṣókí ni. Òfin Freedom of Information ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó ti ìdáhùn kí ọjọ́ 15 fi kọjá lórí yín. Ohun tí ẹ bá ti mọ̀, ẹ fi kọ lẹ́tà.

Ta lẹ máa kọ ọ́ sí? Kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ẹ̀ka tó ń rajà. Akọ̀wé àgbà ni bó bá jẹ́ mínísírì, ọ̀gá àgbà pátápátá ni bó bá jẹ́ àjọ. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí tiyín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyí: "Ìwé ìdíje yín, ojú ìwé báyìí, sọ báyìí. Lẹ́tà yín ọjọ́ báyìí sọ nǹkan mìíràn. Abala 32 kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìwé wa yẹ̀ wò, kí ẹ sì dá iṣẹ́ náà dúró ná." Ojú ìwé kan tó. Ẹ má fi èébú sí i, ẹ má sọ pé ẹnì kan gba rìbá bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí.

Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni ọ̀gá náà ní láti dáhùn lórí ìwé. Bí kò bá dáhùn, tàbí ìdáhùn rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti gbé e lọ sí BPP. Níbẹ̀ ni agbára wà. Ọ̀gá iléeṣẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró bó bá wù ú. Ní ti BPP, òfin ní kó dá gbogbo ìgbésẹ̀ dúró ní kété tí ẹjọ́ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè fagi lé ìpinnu náà, ó sì lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n fún un. Bí èyí náà kò bá yọrí, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló kù, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ibẹ̀ lẹ máa nílò lọ́yà. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń pariwo ọjọ́: bí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ sí ìwé, tó ti gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ṣòro láti dá omi tó ti dànù padà.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, pé ẹ kò ní rí iṣẹ́ gbà níbẹ̀ mọ́. Mi ò ní purọ́ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe kóòtù, inú ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Lójú tèmi, ẹni tó fi ojú ìwé àti abala òfin sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ó kéré tán, ẹ máa mọ ohun tí ẹ ó tún ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ du iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ dúró ná. Gbogbo ọjọ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Èkó ní òfin àti àjọ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ní tiwọn. Ẹ wá òfin ìpínlẹ̀ yín sórí fóònù, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀sùn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.